Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ: Níti SSD Tuntun Tí Kọ̀ǹpútà Kò Rí

Láti ìgbà tí a ti kọ̀wé níti kọ̀ǹpútà tí ń falẹ̀, ìwé tí ń wọlé sọ́dọ̀ wa láti Ìkòtún, láti Ẹgbẹ́dá àti láti Ìgàndó kò dẹ́kun, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹnìkan gbọ́ pé bí a bá yọ háàdì dísìkì àtijọ́ kúrò, tí a fi SSD rọ́pò rẹ̀, kọ̀ǹpútà ògbólógbòó yóò tún máa sáré bí ọmọdé. Ó tu owó jọ, ó ra SSD náà, ó fi í sínú ẹ̀rọ, ó tan ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà sì ṣe bí ẹni pé kò sí ohun tuntun kankan nínú òun. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wò ó fìrí, wọ́n ní, "Ó ti kú." Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí, nítorí a ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń pè ní òkú wọ̀nyí kò kú rárá, owó tí ó yẹ kí a fi gbọ́ bùkátà ilé ni ó sì ń bá ìdájọ́ èké náà lọ.

Ìyá kan wà ní ojú ọ̀nà Ìdímù, opó ni, ó ń fi kọ̀ǹpútà kan àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan bá àwọn ènìyàn tẹ ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó, àti ìbéèrè ìdánwò fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ kéékèèké. Ó ra SSD kan. Kọ̀ǹpútà kò rí i. Ẹni tí ó gbé e lọ bá ní ọjà burúkú ni, kí ó lọ ra òmíràn. Ó ra òmíràn, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó sì fi rà á. Kọ̀ǹpútà kò rí èkejì náà. Nígbà tí ọ̀ràn náà dé etí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ, ọ̀kan nínú wọn jókòó tì í lẹ́yìn ìsìn àṣálẹ́, ó ṣí ojú ewé kan ṣoṣo nínú Windows, kò sì pẹ́ tí èkínní fi hàn, tí èkejì sì hàn tẹ̀ lé e. Kò sí èyí tí ó bàjẹ́ nínú àwọn méjèèjì. Ojú ewé náà ni a ó júwe nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ohun tí a ń wá.

Háàdì dísìkì àtijọ́ jẹ́ àwo pẹlẹbẹ tí ń yí bìrí nínú àpótí irin, tí apá kékeré kan sì ń lọ tí ó ń bọ̀ lórí rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dàbí abẹ́rẹ́ giramofóònù lórí àwo orin. Ilé iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní ọdún 1956. Àwo 50 ni ó wà nínú ẹ̀rọ náà, ó tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ lọ, síbẹ̀ kò gbà ju nǹkan bí lẹ́tà mílíọ̀nù 5 lọ. SSD ní tirẹ̀ kò ní àwo, kò sì sí ohun tí ń yí nínú rẹ̀. Inú ègé sílíkọ́nì ni ó ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí, irú èyí tí Fujio Masuoka, ará Japan, hùmọ̀ nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Toshiba láàárín ọdún 1980 sí 1989. Nítorí náà a kì í gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi etí sí i láti mọ̀ bóyá ó wà láàyè, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe sí ti àtijọ́, asán ni ó ń ṣe. Àwa sì ti rí ẹni tí ó dá ẹjọ́ ikú fún SSD kìkì nítorí pé kò gbọ́ kí ó kùn.

Kò yà wá lẹ́nu pé ìwé lórí ọ̀ràn yìí pọ̀ báyìí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft parí ìtọ́jú tí ó ń ṣe fún Windows 10 fún gbogbo ènìyàn, ọ̀pọ̀ ilé sì ń tún ẹ̀rọ wọn tò. Alímọ̀ṣọ́ kì í ṣe ìlú kékeré. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 níbẹ̀, tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà tí ó wà nínú ilé púpọ̀ nínú wọn, SSD sì ni àtúnṣe tí owó wa lè ká.

Níbo Ni A Kò Ti Rí I?

Bí ẹnikẹ́ni bá wí fún yín pé kọ̀ǹpútà kò rí SSD, ẹ bi í ní ìbéèrè kan: ta ni kò rí i? Nítorí ẹni méjì ni ń wò nínú kọ̀ǹpútà. Èkínní ni BIOS, tí àwọn ẹ̀rọ ìwòyí ń pè ní UEFI. Òun ni aṣọ́bodè, òun ni ó kọ́kọ́ ń jí nígbà tí a bá tan ẹ̀rọ, tí ó sì ń ka gbogbo ohun tí a so mọ́ ọn. Èkejì ni Windows, èyí tí ó dàbí onílé, tí kì í jí títí aṣọ́bodè yóò fi ṣe tirẹ̀ tán. Ohun tí aṣọ́bodè rí lè fara pamọ́ fún onílé. Ṣùgbọ́n ohun tí aṣọ́bodè kò bá rí, onílé kì í sábà rí i. Ìwòsàn àwọn méjèèjì yàtọ̀ bí ọ̀sán ti yàtọ̀ sí òru, ẹni tí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe láìmọ èyí tí ó jẹ́, ńṣe ni ó ń ju òkò sínú òkùnkùn.

Láti bá aṣọ́bodè sọ̀rọ̀, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tún un tàn, kí ẹ sì máa tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ léraléra kí Windows tó jí. Lórí ẹ̀rọ Dell, F2 ni. Lórí HP, F10. Lenovo ń lo F1 tàbí F2. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì sì ń lo Delete. Ojú ewé kan yóò ṣí tí kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ wá ibi tí a to orúkọ àwọn ohun ìkó-ọ̀rọ̀-pamọ́ sí. Bí ẹ bá rí orúkọ SSD yín tàbí ìwọ̀n rẹ̀ níbẹ̀, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Ẹ má yí ohunkóhun padà, ẹ jáde láìfi pamọ́.

Bí Aṣọ́bodè Bá Rí I, Tí Windows Kò Rí I

Èyí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ìyá ọ̀nà Ìdímù, òun ni ó sì wọ́pọ̀ jù lọ nínú ìwé tí ẹ ń kọ sí wa. Ẹ fi SSD náà wé ilẹ̀ tí a rà ní Ìgàndó. A ti san owó fún ọmọ onílẹ̀, ilẹ̀ wà níbẹ̀, a lè dúró lórí rẹ̀ kí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n awọnlẹ̀ kò tíì dé, kò sí òkúta ààlà, kò sí nọ́ńbà ilé. Bí a bá fi ìwé rán ẹnìkan sí ilé wa níbẹ̀, yóò rìn kọjá, yóò sì padà wá sọ pé òun kò rí ilé kankan. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ SSD ṣe ń jáde láti ilé iṣẹ́, láìní ààlà, láìní nọ́ńbà. Ìdí nìyí tí kì í fi í hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ C nígbà tí ẹ bá ṣí This PC.

Láti pe awọnlẹ̀, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún màásì tẹ àmì Start, kí ẹ yan Disk Management. Bí SSD náà bá jẹ́ tuntun pátápátá, Windows fúnra rẹ̀ yóò sábà béèrè bóyá kí òun ṣe Initialize Disk, yóò sì fi ọ̀nà méjì síwájú yín, MBR àti GPT. MBR ni ti àtijọ́. Kò lè lo ju terabaiti 2 lọ nínú dísìkì kan. GPT ni ti òde òní, òun sì ni Windows 11 ń fẹ́ lórí dísìkì tí yóò gbé e. Àfi bí kọ̀ǹpútà yín bá ti gbó púpọ̀ tí ẹ sì fẹ́ kí ó máa jí láti inú SSD náà, GPT ni kí ẹ mú. Lẹ́yìn èyí, ẹ ó rí ìlà dúdú gbọọrọ kan nísàlẹ̀, tí a kọ Unallocated sí. Ẹ fi ọ̀tún màásì tẹ̀ ẹ́, ẹ yan New Simple Volume, ẹ fún un ní lẹ́tà kan, ẹ jẹ́ kí NTFS wà bí ó ti wà, ẹ tẹ̀ síwájú títí dé Finish. Ó parí. Nígbà mìíràn ẹ ó bá a pé ààlà ti wà, lẹ́tà nìkan ni kò sí. Change Drive Letter and Paths ni yóò tán èyí, láìpa ohunkóhun rẹ́.

Ṣùgbọ́n níhìn-ín ni a ti ń fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ yín. Iṣẹ́ awọnlẹ̀ yìí ń pa ohun tí ó wà lórí ilẹ̀ rẹ́. Lórí òfìfo, kò léwu. Lórí ilẹ̀ tí ilé wà, ìparun ni. Ojú ewé Disk Management kì í pe dísìkì ní orúkọ tí a ń pè é nínú ilé. Disk 0 àti Disk 1 ni ó ń pè wọ́n, èyí tí ó ń jẹ́ 0 kò sì fi dandan jẹ́ ti àtijọ́. Ìwọ̀n ni kí ẹ fi mọ̀ wọ́n. Bí ti àtijọ́ bá jẹ́ gigabaiti 500 tí tuntun jẹ́ 256, kò sí ìdàrúdàpọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ ìwọ̀n kan náà, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ti àtijọ́ kúrò kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, bí kì í bá ṣe òun ni ó gbé Windows tí ẹ ń lò. Ìwé orúkọ àwọn tí a ti rì bọmi láti ogún ọdún wá, ohùn bàbá yín tí ó ti sùn nínú Olúwa, àwòrán ọmọ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀: kò sí ṣọ́ọ̀bù tí ń ta irú wọn.

Ohun kan tún wà tí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ọ̀rọ̀ náà, Not Initialized, ní ìtumọ̀ méjì. Lára dísìkì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú páálí, ó túmọ̀ sí pé ilẹ̀ ṣófo. Lára dísìkì tí ó ṣiṣẹ́ fún yín lánàá, tí ó kún fún ìwé, ó túmọ̀ sí pé àìsàn ti wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá tẹ OK sí ti ìkejì yìí, lójú tiwa, ńṣe ni ó ń sin aláìsàn láàyè. Kí ẹ yọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ sì wá ẹni tí ó mọ̀ nípa gbígba ìwé padà láti inú dísìkì.

Bí Aṣọ́bodè Fúnra Rẹ̀ Kò Bá Rí I

Nígbà náà, ọ̀rọ̀ di ti ara. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà iná, ẹ yọ bátìrì bí ó bá ṣeé yọ, kí ẹ fi ọwọ́ kan irin láti tú iná ara yín dànù. SSD onígun mẹ́rin tí ó tóbi bí páálí káàdì, tí a ń pè ní SATA, ń fẹ́ ìsopọ̀ méjì, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀, èkejì tí ó fẹ̀ jù ú lọ fún iná. Lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, wáyà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n; a ti bá ẹni tí ó so ọ̀kan tí ó gbàgbé èkejì pàdé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ pààrọ̀ wáyà náà, ẹ gbìyànjú ihò mìíràn. Wáyà ọ̀rọ̀ kì í náni lówó púpọ̀, ó sì yẹ kí a fura sí i ṣáájú SSD tí ó wọ́n jù ú lọ.

Irú kejì ni ó ń fa wàhálà jù. Ó pẹlẹbẹ bí ṣingọ́ọ̀mù, M.2 ni a ń pè é, ẹ ó sì sábà rí nọ́ńbà 2280 lára rẹ̀: mìlímítà 22 ni fífẹ̀ rẹ̀, 80 ni gígùn rẹ̀. Ní ìrí, ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Ní èdè, méjì ni wọ́n. Àwọn kan ń sọ èdè SATA, àwọn kan ń sọ èdè NVMe. Ó dàbí ọmọ méjì tí ó wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ kan náà, tí ọ̀kan gbọ́ Yorùbá nìkan, tí èkejì gbọ́ Ègùn nìkan. Ihò kan lè gbọ́ SATA nìkan, òmíràn NVMe nìkan, àwọn mìíràn gbọ́ méjèèjì. SSD yóò wọ inú ihò náà dáadáa, nọ́ọ̀tì yóò dè é mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì yóò gbọ́ ara wọn. Bí ẹ bá wo ẹnu rẹ̀, èyí tí ó ní ojú gígé kan ṣoṣo sábà jẹ́ NVMe, èyí tí ó ní méjì sì sábà jẹ́ SATA. Síbẹ̀ ẹ ka ohun tí a tẹ̀ sí ara rẹ̀, kí ẹ sì fi wé ìwé kọ̀ǹpútà yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. Ìlànà NVMe kò jáde títí di ọdún 2011, nítorí náà kọ̀ǹpútà tí ó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ kò bá a pàdé rí. Àpò USB tí a ń fi SSD sí láti lò ó níta náà ń gbọ́ èdè wọ̀nyí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ bèèrè kí ẹ tó rà á.

Ẹ rí i pẹ̀lú pé M.2 náà wọlé tán. A máa ń tì í wọlé ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí a tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí a dè é. Bí ìdí rẹ̀ bá ṣì ń dán yọ lẹ́nu ihò, kò tíì wọlé. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan, bí a bá fi M.2 sí ihò rẹ̀, ihò SATA kan tàbí méjì yóò dẹ́kun iṣẹ́, dísìkì àtijọ́ ni yóò sì pòórá. Ìwé ẹ̀rọ náà yóò sọ èyí tí ó jẹ́.

Ní àwọn kọ̀ǹpútà Intel láti ìran kọkànlá, tí ó jáde ní ọdún 2020, ìdènà mìíràn tún wà. Aṣọ́bodè rí SSD, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé Windows tuntun lé e, ètò ìgbéwọlé náà yóò sọ pé kò sí dísìkì rárá. VMD ni ó ń fa èyí. Ẹ gba díráífà Intel RST láti ojú ewé ilé iṣẹ́ tí ó ṣe kọ̀ǹpútà yín, ẹ fi í sínú fíláàṣì, ẹ tẹ Load driver. Ẹlòmíràn máa ń pa VMD nínú BIOS, ó sì tọ́ bí SSD bá ṣófo. Bí Windows bá ti wà nínú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ó lè kọ̀ láti jí.

Níti iná tí ń lọ lójijì, èyí tí gbogbo wa mọ̀ bí ẹní mọ owó, ó lè mú kí SSD pòórá lójú aṣọ́bodè pàápàá. Ilé iṣẹ́ Crucial, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣe SSD, kọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ọgbọ́n kan fún ọ̀ràn yìí: kí a so wáyà iná nìkan mọ́ ọn láìso ti ọ̀rọ̀, kí a fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí a yọ ọ́ fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí a tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí a tó so gbogbo rẹ̀ padà. Ó gba sùúrù, kò sì gba kọ́bọ̀.

Ní Ìdí Ọjà

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí ẹ gbé SSD náà sínú kọ̀ǹpútà mìíràn tí ó gbọ́ èdè rẹ̀, tí aṣọ́bodè ibẹ̀ náà kò rí i, nígbà náà ni ẹ lè pè é ní òkú. Ẹ dá a padà. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tí ó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, fún olùrà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tí ó lábùkù padà, ohunkóhun tí a lè kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Rìsíìtì ni ẹlẹ́rìí yín. Ó sàn jù pé kí ẹ gbé kọ̀ǹpútà dání lọ sí ọjà, ì báà jẹ́ ní Ìkòtún tàbí ní Computer Village tí ó wà ní Ìkẹjà. (Ọjọ́ ti pẹ́ tí Ìjọba Èkó ti ń sọ pé a ó kó ọjà náà wá sí Katangowa, lápá ọ̀dọ̀ wa, àwọn tí ń san owó ọkọ̀ láti Ìgàndó mọ ìdí tí a fi ń fi etí sílẹ̀.)

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fún èyí tí a ti lò tí a sì fi sínú páálí tuntun. SSD ń ka wákàtí tí ó ti fi ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ilé iṣẹ́ HPE kéde pé àwọn SSD rẹ̀ kan yóò dákú nígbà tí wọ́n bá pé wákàtí 32,768 lẹ́nu iṣẹ́, bí a kò bá tún ètò inú wọn ṣe. Bí kíkà náà ti péye tó nìyẹn. CrystalDiskInfo, tí a ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, yóò fi iye wákàtí náà hàn yín ní ibi tí a kọ Power On Hours. Tuntun tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ̀rún wákàtí mẹ́ta kì í ṣe tuntun, ẹ sì lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó tà á, láìjà.

Arákùnrin kan kọ̀wé sí wa láti Àkọ́wọ́njọ pé SSD òun ti hàn, pé kí ni kí òun fi ti àtijọ́ ṣe. Kí ó ra àpò USB fún un, kí ó kó ìwé inú rẹ̀ sórí tuntun, kí ó ṣí díẹ̀ nínú wọn wò bóyá wọ́n pé, kí ó sì fi ti àtijọ́ pamọ́ fún oṣù mẹ́fà láìpa ohunkóhun rẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ tí a kọ sára rẹ̀. Bí ìwé ìjọ bá wà nínú rẹ̀, kí ẹ̀dà kejì má ṣe sùn nínú ilé kan náà pẹ̀lú èkínní. Ìyáàfin tí ó béèrè níti bátìrì tí ń wú, a ti rí ìwé yín. Ẹ má ṣe so ẹ̀rọ náà mọ́ iná títí a ó fi dá yín lóhùn lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀.